Àmì Tí Mo Yà Sí Ìdí Ọkọ̀ Màmá Tíṣà

"Ta ló pa ìdí ọkọ̀ yìí dé?" Àbúrò bàbá mi ló béèrè. Wọ́n lóṣòó ti búùtù ọkọ̀ àtijọ́ kan, àkísà dúdú kan sì ń rọ̀ dirodiro lẹ́nu irin tí wọ́n fi yọ ọ́ nínú ihò. Àwa mẹ́ta la dúró yí wọn ká nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹnì kankan ò fèsì. Rédíò ilé kejì ń polówó ọṣẹ ìfọṣọ. Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá báyìí. Mo mọ ìdáhùn nígbà náà. Orí ahọ́n mi ló wà, bí oògùn kíkorò tí èèyàn ò rí omi fi gbé mì. Lónìí, mo fẹ́ tu ú jáde. Ẹ̀yin ará òpópónà wa, ìtàn tí wọ́n sọ fún yín kì í ṣe òótọ́. Ẹni tí ẹ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, tí ẹ sọ lórúkọ ní Alákìísà, kò mọwọ́ kò mọsẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ṣe é.

Ìmọ̀ ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì. Nígbà tí mo parí tí iṣẹ́ ò tètè yọjú, bàbá mi ní kí n máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò àwọn, níbi tí wọ́n ti ń tún ara ọkọ̀ ṣe, kí ọwọ́ mi má baà dilẹ̀. Bàbá Kékeré ni mo ń pè wọ́n. Láti ìgbà tí mo ti dáyé ni mi ò ti lè rí ohun tó wé mọ́ra kí n má tú u. Bí wọ́n bá pa àlọ́ àpamọ̀ tí mi ò rí ìdáhùn rẹ̀, oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí tí mo tú aago ìyá mi. Mo tò ó padà, bíńtín irin kan wá ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́, mo sì ní ìyẹn ò wúlò. Aago náà ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń sáré ju àsìkò lọ, bí ẹni tó tò ó. Èmi ni mo dé àárín irin àti iná, tí mo rò pé gbogbo rẹ̀ àlọ́ ni.

Àwa mẹ́rin la wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Bàbá Kékeré ni ọ̀gá. Ọmọkùnrin kan tí a ń pè ní Dígí ló ń kun ọkọ̀. Ó máa ń búra pé ẹni tó bá wo ọkọ̀ tí òun kùn yóò rí eyín ara rẹ̀ kà. Ẹnì kẹta ni jórinjórin wa, ọkùnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀dá Rọra, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ jù nìyẹn: rọra gbé e, rọra lù ú, rọra sọ̀rọ̀. Ó lè fi wákàtí kan wo ibi tí yóò fi ìṣẹ́jú márùn-ún jó. Tí ọwọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, á wò mí, á rẹ́rìn-ín. "Purofẹ́sọ̀," á ní, "ìṣirò tí o bá ṣì, o lè pa á rẹ́. Irin tí o bá jó sódì, ó ti jó sódì nìyẹn." Dígí á wá gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Fi í sílẹ̀, àwọn tó kàwé kì í jó irin, ìwé ni wọ́n ń jó. Wọ́n ti jó gbogbo owó bàbá wọn tán níbẹ̀."

Àṣà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa tí mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé, torí òun ni mo fi ṣe ibi. Ẹni tó bá jó ojú irin kan tán yóò fi ṣọ́ọ̀kì ya àmì tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àmì ti Bọ̀dá Rọra jẹ́ òbìrìkìtì tí tóótó kan wà láàárín rẹ̀, bí ojú ẹyẹ. Bàbá Kékeré kì í jẹ́ kí Dígí gbé ọ̀dà sún mọ́ ọkọ̀ tí àmì bá ku ibì kan lára rẹ̀. Ohun tó kàn ni kí wọ́n fi iná wò ó: ẹnì kan á wọ inú búùtù, wọ́n á pa á dé mọ́ ọn, ẹnì kejì á wá máa fi tọ́ọ̀ṣì tọ ojú irin náà láti ìta. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti wọlé, ibẹ̀ ni èéfín sàlẹ́ńsà, páìpù tó ń tú èéfín jáde nídìí ọkọ̀, máa gbà wọlé. Èèyàn méjì ni iṣẹ́ yẹn ń gbà. Ẹnì kan ò lè dá a ṣe.

Màmá Tíṣà ló ni ọkọ̀ náà. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, àwọn ni wọ́n sì kọ́ ìdajì òpópónà wa ní ìwé kíkà. Ọkọ wọn tó ti kú ló ra ọkọ̀ náà kí wọ́n tó bí mi. Níbi tí Màmá gbé e sí ni ọkọ̀ akẹ́rù kan ti fẹ̀yìn rìn tó sì kọ lù ú nídìí. Bàbá Kékeré fi òòlù kan irin tó wà lábẹ́ ìdérí búùtù, láàárín iná ẹ̀yìn méjèèjì, ìpẹtà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ bí èèpo ẹ̀pà. "Màmá, eléyìí ò gba kí a lù ú nà mọ́. A máa gé e kúrò, a ó wá fi òmíràn jó o." Màmá ní, "Ẹ gé ohun tó bá yẹ kí ẹ gé. Ṣùgbọ́n ìjókòó iwájú tí ọkọ mi ń jókòó sí, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án o." Ọmọ-ọmọ wọn dúró tì wọ́n, ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ó bi wá pé ṣé yóò dun ọkọ̀ náà. Dígí ní, "Kò ní dùn ún. Torí ẹ̀ la ṣe gba Rọra síṣẹ́." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Ẹtì ni Màmá fẹ́ gbà á, nítorí ilé-ìwé máa tó gba ìsinmi, wọ́n sì ti ṣèlérí fún ọmọ náà pé àwọn jọ máa lọ kí ẹ̀gbọ́n àwọn ní ọ̀nà jíjìn.

A rí irin ìdí mìíràn níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ àlòkù, lára ọkọ̀ irú kan náà. Ìgbà tí Bọ̀dá Rọra bẹ̀rẹ̀ sí í tú ti àtijọ́ ni ìfẹ́ iṣẹ́ náà gbé mi lọ. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ò fi ìdè kankan dè é. Iná ni wọ́n fi lẹ irin mọ́ irin, lójú róbótó róbótó tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju ọmọ ẹ̀wà lọ. Mo kà wọ́n, wọ́n jẹ́ mẹ́rìndínláàádọ́rin. Mo ya àwòrán gbogbo wọn sínú ìwé. Bọ̀dá Rọra ń lu wọ́n níhò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń lu irin òkè láìjẹ́ kí ẹnu ìluhò kan ti ìsàlẹ̀. Nígbà tó kan èyí tó kẹ́yìn, irin àtijọ́ náà ṣí kúrò odindi, bí èèpo ọsàn lọ́wọ́ ẹni tó mọ ọsàn bó. A fi tuntun sípò, ó bá òkè mu, ó bá ọ̀tún mu. Ìsàlẹ̀ òsì ni kò bá mu. Ìpẹtà ti jẹ etí ilẹ̀ búùtù lọ níbẹ̀, ó ku àlàfo kan tó gba ìka, tó sì gùn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Òkè ẹnu sàlẹ́ńsà gan-an ló wà.

Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, wọ́n pe Bọ̀dá Rọra lórí fóònù pé wọ́n ti gbé ọmọ rẹ̀ dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn. Ó ti jó òkè àti ọ̀tún tán, ó ti ya àmì rẹ̀ sí wọn. Bàbá Kékeré ò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Bó ṣe ń wọ bàtà ló sọ fún mi pé, "Purofẹ́sọ̀, má fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ òsì. Irin ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́ bí ìwé. Èmi ni n ó wá jó o fúnra mi." Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, ẹ̀gbọ́n." Kò tíì dé ìkòríta tí mo ti gbé gíláàsì ojú tó fi ń jórin wọ̀. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Mo ti wo àlàfo yẹn láti àárọ̀, mo ti rí bí mo ṣe máa gé irin pẹlẹbẹ kan, bí mo ṣe máa tẹ̀ ẹ́, ibi tí mo máa kọ́kọ́ fi iná kàn. Lórí ìwé, kò sí àṣìṣe kan níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ó dé lọ́jọ́ kejì kó bá a pé mo ti parí ẹ̀, kó lanu sílẹ̀. Iná náà wọ irin yẹn bí ọ̀bẹ gbígbóná ṣe ń wọ bọ́tà. Àlàfo ìka kan di ìka mẹ́ta. Mo sáré láti dí i, ó tún fẹ̀ sí i. Ìwà mi nìyẹn: tí mo bá ti ṣì í, ńṣe ni mo máa ń yára, bí ẹni pé mo lè sáré bá àṣìṣe náà kí n sì kó o padà. Ìgbà tí mo fi máa pa iná, ọwọ́ odindi ló lè gba ibẹ̀ kọjá.

Mo wò yíká. Dígí ń sùn lórí àga, ẹnu rẹ̀ ló fi ń mí. Mo mú àkísà kan níbi tí a ń kó wọn jọ sí, mo ká a, mo kì í bọ ihò náà. Mo tẹ́ àwọ̀n wáyà lé e, mo fi pọ́tì tí a fi ń dí ara ọkọ̀ bò ó. Nígbà tó gbẹ mo fi ìwé yanrìn ha á, mo fi ọ̀dà dúdú pa á. Ó dán. Kí n má tún purọ́ sí èyí tí mo ti pa: inú mi dùn sí i. Mo wá mú ṣọ́ọ̀kì, mo sì ya òbìrìkìtì kan sí etí rẹ̀ nínú búùtù, mo fi tóótó kan sí àárín rẹ̀. Ọmọ tó kàwé tó báyìí, àmì ẹlòmíràn ló fi ìmọ̀ rẹ̀ yà.

Nígbà tí Bàbá Kékeré dé, wọ́n tẹ̀ ba wo inú búùtù. "Rọra ti parí?" "Ó parí kó tó lọ, sà." "Ẹ ti fi iná wò ó?" "A ti wò ó, sà." "Ìwọ àti ta?" "Èmi àti òun ni." Wọ́n rí àmì náà, wọ́n sì mi orí pé ó dáa, nítorí ọdún méjìlá ni wọ́n ti ń rí àmì yẹn tí kò já wọn kulẹ̀ rí. Dígí bẹ̀rẹ̀ sí í kun ọkọ̀. Mo sọ fún ara mi pé tí Bọ̀dá Rọra bá dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, n ó fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, n ó jẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n wọ́n dá ọmọ rẹ̀ dúró nílé ìwòsàn, kò sì padà wá títí ọ̀sẹ̀ kejì fi wọlé. Ọkọ̀ ti lọ. Ó bi mí pé, "Ta ló wá jó ìsàlẹ̀ òsì yẹn?" Mo ní, "Bàbá Kékeré ló jó o fúnra wọn." Ó ní, "Ó dáa." Àwọn méjèèjì gbà mí gbọ́, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi bi ara wọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí Màmá Tíṣà gba ọkọ̀ náà ni wọ́n gbé ọmọ-ọmọ wọn sínú rẹ̀, wọ́n forí lé ìrìn-àjò tí wọ́n ṣèlérí. Òjò ń rọ̀, wọ́n yí gbogbo fèrèsé sókè. Bí wọ́n ṣe ròyìn ẹ̀ fún wa nìyí: "Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, mo ní ọjọ́ orí ni. Ọmọ náà ní, 'Màmá, oorun ń kùn mí.' Mo ní kó sùn. Èmi ni mo ní kó sùn o!" Nígbà tó yá, ọwọ́ wọn wúwo lórí ìdarí ọkọ̀, èébì gbé wọn, wọ́n yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n ṣílẹ̀kùn, òjò sì rọ̀ lù wọ́n lójú. Ìyẹn ló jí wọn. Wọ́n yíjú padà láti jí ọmọ náà, ọmọ ò jí. Àwọn tó ń kọjá ló gbé e dé ilé ìwòsàn. Ọjọ́ méjì gbáko ni kò fi lajú. Dókítà ní èéfín sàlẹ́ńsà ló ń gba ẹ̀yìn wọlé. Ọmọ náà yè, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó lè di pẹ́ńsù mú kí ọwọ́ rẹ̀ má gbọ̀n.

Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà padà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni Bàbá Kékeré ti gún pọ́tì náà, tí ooru sàlẹ́ńsà ti là, tí àkísà yọ, tí wọ́n bi ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì inú búùtù kúrò, àmì ṣọ́ọ̀kì náà sì wà níbẹ̀. "Rọra, àmì rẹ nìyí." Bọ̀dá Rọra tẹ̀ ba. Ó wo àmì náà pẹ́, ó gbójú sókè, ó wò mí. Ó ní, "Ó jọ tèmi." "Mi ò bi ọ́ bóyá ó jọ tìrẹ. Ṣé ìwọ lo ṣe é?" Èmi ló tún wò. Títí di ìsinsìnyí, mo gbà pé ńṣe ló ń fún mi láyè, kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Bàbá Kékeré wá kọjú sí mi: "Ìwọ wà níbẹ̀. Ta ló pa á dé?" Mo sì ní, "Bọ̀dá Rọra ni." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Mo ti jó ihò sára irin, mo ti ya àmì èké, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Síbẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ni mo fojú ara mi rí pé ó burú jù, torí pé kò bọ́ lójijì. Mo ro ó kí n tó sọ ọ́.

Bọ̀dá Rọra fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó kó gíláàsì ojú rẹ̀ àti òòlù rẹ̀ sínú àpò ọ̀rá. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Rọra máa ṣe é o," ó sì jáde. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo òpópónà ti ń pè é ní Alákìísà. Kò sí ọlọ́kọ̀ tó fẹ́ kí Alákìísà fọwọ́ kan ọkọ̀ òun. Nígbà tó yá, òun àti ìyàwó rẹ̀ kó kúrò nínú yàrá tí wọ́n ń gbé, a ò sì mọ ibi tí wọ́n gbà lọ.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni Bàbá Kékeré pè mí jókòó. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Wọ́n ní, "N ó fi ṣọ́ọ̀bù yìí lé ọ lọ́wọ́. Kì í ṣe torí ìwé tí o kà. Torí pé mo mọ̀ pé o ò ní purọ́ fún mi lórí irin ni." Mo wólẹ̀, mo sì jẹ́wọ́. Wọ́n jókòó sórí táyà kan. Wọ́n ní, "Ọdún méjìlá ni Rọra fi bá mi ṣiṣẹ́." Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n ní, "Má wọ ṣọ́ọ̀bù yìí mọ́, àfi tí ìwọ àti òun bá jọ wọlé."

Mo sọ wíwá rẹ̀ di ìṣirò. Mo ya máàpù ìlú, mo kọ ibi gbogbo tí wọ́n ti ń jó irin sí i: àwọn tó ń ṣe géètì, àwọn tó ń ṣe táǹkì omi, ibùdókọ̀ tí wọ́n ti ń tún bọ́ọ̀sì ṣe. Ibi tí mo bá dé, mo fà á pa pẹ̀lú bírò pupa. Ẹnì kan ní òun rí i lọ́dún tó kọjá, ẹlòmíràn ní ó ti kú. Nígbà tó yá, máàpù pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ilé kan ṣoṣo ni mi ò kọ sí i, ilé tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí tiwa: ilé Màmá Tíṣà. Mo ní wọn kì í jó irin níbẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí orí yín jí bí tèmi, ẹ gbọ́: ọgbọ́n ò ní kọ̀ láti bá yín wá àwáwí. Ohunkóhun tí ẹ bá ṣe, yóò bá yín rí ìdí kan tó dára fún un. Ibi tí ẹ̀rù bá ti ń bà yín láti lọ, ẹ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀.

Sátidé tó kọjá ni mo lọ. Oòrùn mú. Ẹnì kan ń kan nǹkan ládùúgbò náà, ọwọ́ rẹ̀ ò yá. Màmá jókòó lábẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀, ọmọ-ọmọ wọn ń kọ ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, létà rẹ̀ sì tò gbọọrọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá, èmi ni mo fi àkísà dí ìdí ọkọ̀ yín. Kì í ṣe Bọ̀dá Rọra." Mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Wọ́n ní kí ọmọ náà wọlé lọ mu omi. Wọ́n yọ gíláàsì wọn. "Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ. Ọmọ tó bá wo ìwé ẹlòmíràn kọ, mo máa ń rí i lójú rẹ̀. O wá kí wa nílé ìwòsàn, o gbé ọsàn dání, mi ò rí nǹkan kan lójú ẹ." Wọ́n nu gíláàsì náà, wọ́n wá ní, "Ọmọ mi yè. Èmi ti dárí jì ọ́ ní tèmi. Ọkùnrin yẹn ńkọ́?" Mo ní, "Oṣù mẹ́ta ni mo fi wá wọn, mà. Kò sí ibi tí mi ò dé."

"Kò sí ibi tí o ò dé?" Màmá mi orí. "Oṣù mẹ́fà rèé tó ń wá síbí ní gbogbo Sátidé. Ẹ̀yìnkùlé ni ọkọ̀ mi wà láti ìgbà tí mo ti ní kí wọ́n wọ́ ọ kúrò lọ́dọ̀ yín, òun ló ń tún ìdí ẹ̀ jó. Mo bi í títí pé ṣé òun ló bà á jẹ́. Ó ní kí n ṣáà jẹ́ kí òun tún un ṣe."

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fiyè sí i pé òòlù tó ń dún ti dákẹ́. Bọ̀dá Rọra dúró ní igun ilé, gíláàsì ojú rẹ̀ wà níwájú orí, ìpẹtà kún apá rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo tún dojú bolẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì gbígbóná náà, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí." Ó rọra gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀. Kì í yára.

"Èmi ni mo fi iná sílẹ̀ fún ẹni tí mi ò tíì kọ́," ló wá sọ. "Ìdajì ẹ̀bi ìjóná yẹn, tèmi ni, mo sì ti ń gbé e láti ọjọ́ yìí. Ìdajì tó kù, tìrẹ ni. Dìde ńlẹ̀, wá gbé tìrẹ nídìí ọkọ̀."